Ògiri Tí Wọn Ò Tọ̀ Sí Mọ́

Ìtọ̀ ló bí ògiri náà. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi, bó ṣe rí ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n ti pa tì ni ògiri ọ̀hún. Ó gùn, ó ga, ó sì dí ẹ̀gbẹ́ kan àgbàlá ńlá tí àwọn ilé oníyàrá kan-kan yí ká. Gbogbo ọkùnrin àgbàlá náà, títí kan àwọn tó kàn ń kọjá lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀ sí. Wọ́n kọ "Ẹ má tọ̀ síbí" sí i lára, wọ́n tọ̀ sórí àkọlé náà. Wọ́n tún kọ "Ajá nìkan ló ń tọ̀ síbí." Àwọn èèyàn kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Bí oòrùn bá mú, òórùn ibẹ̀ á dá àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkùnrin tó yí i padà jẹ́ ayàwòrán, ẹni tó ń kọ àkọlé sára ọkọ̀ àti sókè ṣọ́ọ̀bù. Ojú-ò-purọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn sí iṣẹ́ rẹ̀. Àlejò ni ní àgbàlá náà. Iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀ kó tó fẹ́ ọmọ ibẹ̀ kan, tó sì fìdí kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ mú, inú rẹ̀ ò sì dára. Mo mọ̀ pé a kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó ṣe gbogbo ayé lóore, àmọ́ oore ọ̀tọ̀, inú ọ̀tọ̀.

Káfíńtà àgbàlá ló kọ́kọ́ fojú rí i. Ó ní ibì kan pàtó tó máa ń dúró sí láràárọ̀, bí ẹni pé ó jogún ibẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jáde, ó ń tú okùn ṣòkòtò, ó gbójú sókè, ó sì rí ara rẹ̀. Ojú-ò-purọ́ ti yà á sí ọ̀gangan ibẹ̀, pẹ̀lú imú rẹ̀ tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ojú sì ń wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Káfíńtà tún okùn rẹ̀ so.

Ó lọ bá ayàwòrán nílé. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé imú mi tóbi tó yẹn ni?"

"Ṣé èmi ni mo dá a mọ́ ẹ?"

"Ẹ ṣáà bá mi dín in kù díẹ̀. Mo ní àfẹ́sọ́nà."

"Ojú ò purọ́," ni Ojú-ò-purọ́ wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ta ló lè tọ̀ sójú ara rẹ̀? Káfíńtà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ojú aládùúgbò rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà. Ẹni tó bá sì tọ̀ sójú aládùúgbò, ìjà ló ń wá. Báyìí ni ojú ń tẹ̀ lé ojú, tí ìtọ̀ ń sá, títí ògiri fi kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó yà bí arẹwà níbẹ̀, àfi ẹni tó bá dára lóòótọ́, àwọn yẹn ò sì pọ̀. Bí eyín rẹ bá yọ, ó yọ lára ògiri. Bí orí rẹ bá pá, oòrùn ń tàn sí i níbẹ̀. Aránṣọ àgbàlá, tí àìsàn kan ti wọ́ ẹnu rẹ̀ sí apá òsì, tó sì ti ń fi gèlè bo ìdajì ojú láti ọdún pípẹ́ wá, Ojú-ò-purọ́ ṣí i lórí, ó ya ẹnu wíwọ́ náà kedere. Obìnrin náà sunkún lọ́jọ́ yẹn débi pé kò lè ránṣọ. Ayàwòrán gbọ́ ẹkún náà láti orí àkàbà. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ó mọ̀ pé èèyàn kì í sunkún báyẹn nítorí àwòrán tí kò jọni.

Ó ya ìyàwó tirẹ̀ náà. Ó là á lẹ́nu gbàgà, ó fa iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó sì mú kó máa na ìka sí ẹni tó ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú ògiri pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó wò ó, ó sì wọlé lọ gbé ìkòkò kaná.

Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀. Ìyá Agbálẹ̀ ni, obìnrin arúgbó tó ń gbá àgbàlá náà láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ ilé ìkẹ́rùsí náà gan-an. Ojú tirẹ̀ ti wà lára ògiri nígbà yẹn, lẹ́bàá géètì, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ léjìká. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ojú náà ló dára jù níbẹ̀. Màmá fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo ẹnu gbàgà ìyàwó ayàwòrán.

"Ẹnu tí o yà yìí, o yà á dáadáa," ni màmá wí. "Ta ló là á? Nígbà tí ọmọ yìí wà nílé ìyá rẹ̀, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ńlá, àmọ́ ó tó. Ojú-ò-purọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó gbé garawa ọ̀dà funfun, ó sì kun màmá láti orí dé ẹsẹ̀, ìgbálẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Ibi tí màmá wà wá funfun báláú. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ọ̀rinrin ló ba ibẹ̀ jẹ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n tún ojú òun yà.

Ẹ wá wo nǹkan nígbà tí òórùn lọ. Ẹnì kan gbé àga jáde, ẹnì kejì gbé bẹ́ǹṣì. Onígbàjámọ̀ gbé dígí rẹ̀ kọ́ sábẹ́ igi. Àwọn tí kò kí ara wọn látọdún mọ́dún bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sábẹ́ àwòrán ara wọn, wọ́n ń fi ti ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́. "Pàdé mi lábẹ́ imú káfíńtà" di ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọ. Bí àlejò bá dé, wọn á fà á lọ síwájú ògiri, àwọn tó ti búra pé àwọn máa fọ ojú àwọn kúrò níbẹ̀ á wá fi ìka tọ́ ọ: "Èmi rèé." Àgbàlá tó jẹ́ ibi ìtọ̀ di ibi tí èèyàn ń pè ní ilé. Ọ̀kan ṣoṣo tí kò ní ibi tó máa tọ́ka sí ni Ìyá Agbálẹ̀, òun náà ló sì ń gbá ìdí ògiri.

Òkìkí kàn dé ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n rán ọ̀gá kan tó ń yàwòrán ilé wá. Ó dúró níwájú ògiri, ó fọwọ́ lérán, kò sì lè lọ. Nígbà tó padà wá, ó ti ya àgbàlá tuntun sínú ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan: òkúta títẹ́ nílẹ̀, àwọn òpó tó tẹ orí ba bí ẹni tó ń kíni, ilé alájà kan tó yí ká, gbogbo ilẹ̀kùn sì dojú kọ ògiri. Wọn máa fi gíláàsì nípọn bo ògiri náà kí òjò má bà á jẹ́. Gbogbo ọmọ àgbàlá ló máa gba yàrá tuntun. Ariwo ayọ̀ sọ. Lẹ́yìn ariwo ayọ̀ ni ìbéèrè dé: ta ni ọmọ àgbàlá? Nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ti dé láti òkèèrè, àbúrò tí ẹnikẹ́ni ò rí rí ti gbé àpótí dé.

Ọ́fíìsì rò ó, ó ní ohun rírọrùn ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà lára ògiri ni ọmọ àgbàlá.

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan, obìnrin, ló wá ṣètò rẹ̀, ọ̀dọ́ tó wọ awò ojú, tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì yájú sí ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ tábìlì síwájú ògiri ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín. Ó ní kí kálukú lọ dúró ti ojú rẹ̀, kí òun wò ó. Wọ́n bi í pé àwọn tó wà lájò ńkọ́? Ó ní bí ojú wọn bá ti wà níbẹ̀, wọ́n máa ti yàrá wọn pa dè wọ́n, ìgbà yòówù kí wọ́n dé. "Ojú ló ni yàrá," ló wí.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n mọyì ìkà Ojú-ò-purọ́. Káfíńtà gbé imú rẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ara ògiri, òṣìṣẹ́ ọ̀hún ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ tú gèlè kúrò lójú níṣojú gbogbo ayé, nítorí bí kò bá tú u, ta ló máa mọ̀ pé òun ni? Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu wíwọ́, omi lójú, yàrá sì di tirẹ̀. Ìyàwó ayàwòrán dúró ti ẹnu gbàgà. Òṣìṣẹ́ wo ògiri, ó wo obìnrin náà tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ní kó la ẹnu. Ó là á. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ní yàrá. Ojú-ò-purọ́ ń rìn káàkiri bí olówó tó ń wo oko rẹ̀.

Ó kan Ìyá Agbálẹ̀. Ó rìn títí dé ẹ̀bá géètì, ó dúró ti àyè funfun.

"Màmá, ojú yín dà?"

"Ibí ló wà tẹ́lẹ̀."

Òṣìṣẹ́ yọ awò, ó nù ún, ó wò ó sí i. Ó ṣàánú màmá, mo lè búra fún un. Ó yíjú sí ayàwòrán. "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ojú màmá yìí bá ti wà níbẹ̀ rí, ẹ sọ ọ́, kí ẹ tún un yà, kí n tó kúrò níbí."

Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù. Ojú-ò-purọ́ rántí ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín lọ́jọ́sí, ẹ̀rín tó tó yẹn.

"Ẹni tí mo bá rí ni mo ń yà," ló wí. "N ò rí màmá yìí níbí nígbà yẹn. Ojú ò purọ́."

Káfíńtà wo bàtà ara rẹ̀. Aránṣọ tún gèlè wé. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ló sì ń bà wọ́n: bí òṣìṣẹ́ bá fi lè gbọ́ pé ògiri náà lè purọ́ lórí ẹnì kan, kí ló kù tó máa gbà gbọ́ nípa tiwọn? Àwọn tí màmá ti gbálẹ̀ fún láti kékeré fi í sílẹ̀ nínú oòrùn. Màmá wò wọ́n yí ká, ó ní, "Ẹ kú ilé o," ó kó ẹrù rẹ̀, ó gbé ìgbálẹ̀ léjìká, ó sì jáde ní géètì.

Òṣìṣẹ́ ń kó ìwé jọ nígbà tó rí i pé ẹnì kan ṣì kù. "Bàbá, tiyín ńkọ́?"

Ojú-ò-purọ́ rò pé eré ni. "Tèmi bí i ti báwo? Èmi ni mo ya gbogbo wọn."

"Mo gbọ́. Ojú yín dà?"

Ó yíjú sí ògiri. Ṣé ẹ rí i, ó ti ya gbogbo ayé, kò ya ara rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn rí. Ta ló ń bi ẹni tó kọ́lé bóyá ó ní kọ́kọ́rọ́?

"Ẹ bi wọ́n léèrè," ló wí. "Ta ni kò mọ̀ mí níbí?"

Òṣìṣẹ́ bi wọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n fi sin màmá jáde ṣì wà nílẹ̀, wọn ò gbé e kúrò. Ẹni tó bá ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. 

Òṣìṣẹ́ ò fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ó ronú, ó ní, "Ọwọ́ tó ya àwọn wọ̀nyí, kò ní ṣòro fún un láti ya ẹni tó ni ín. Àyè funfun kan wà lẹ́bàá géètì. Mo fẹ́ lọ jẹun. Bí mo bá dé tó jọ yín bí ti àwọn yòókù ṣe jọ wọ́n, ẹ ti wọlé."

Inú ayàwòrán padà bọ̀ sípò. Ṣé èyí náà nìṣòro? Ó gbé ọ̀dà, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Aránṣọ gbé dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn láti wòran.

Ojú-ò-purọ́ ti máa ń wo dígí bó bá fẹ́ fá irùngbọ̀n, àmọ́ kò fi ojú iṣẹ́ wò ó rí. Ó fi ojú iṣẹ́ wò ó. Ó rí ẹnu tó fún pọ̀ bí ẹnu àpò tí wọ́n so. Ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti rọ̀, ó rí ojú kan tó tutù, ojú ẹni tó jẹ́ pé bó bá wọ ilé onílé, ìdọ̀tí ló kọ́kọ́ ń wá. Ó mọ̀ pé bí òun bá ya èyí, láti òpópónà ni wọ́n á ti dá òun mọ̀. Gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe náà nìyẹn. Ojú rẹ̀ rí i, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ìtìjú mú un, ìtìjú tó ti pín fún gbogbo àgbàlá láìtọ́ ọ wò. Ó ní kóun kàn gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀. Ó gbé e sókè. Ẹnu náà, kóun tú u díẹ̀. Ó tú u, ẹnu náà sì di ẹ̀rín. Ó fi ìmọ́lẹ̀ sínú ojú. Nígbà tó fi máa parí, bàbá kan tó dára, tó lójú àánú, ló ń wo àgbàlá láti ẹ̀bá géètì.

Òṣìṣẹ́ dé, ó ń nu ẹnu. Ó wo àwòrán náà, ó wo ọkùnrin náà. "Ta rèé?"

"Èmi ni."

Ó pe káfíńtà. Káfíńtà sún mọ́ ọn, kò yára. "Kò jọ ọ́, mà. Imú eléyìí ti rí àánú gbà." Ó tún wo àwòrán náà. "Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Ó pe aránṣọ. Aránṣọ tú gèlè, ó fi gbogbo ẹnu rẹ̀ sọ ọ́: "N ò rí ẹni yìí rí."

Ó kan ìyàwó. Òṣìṣẹ́ rọra bi í: "Màmá, ṣé ọkọ yín nìyí?"

Obìnrin náà sún mọ́ ògiri. Àwọn ọmọ dì í láṣọ mú. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà wo bàbá ara ògiri náà dáadáa, bí ẹni tí ì bá wù kó rí i ṣáájú àsìkò yìí.

"Rárá, mà," ló wí. "Eléyìí ń rẹ́rìn-ín."

Kò purọ́. Kò sí ẹni tó purọ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn, ohun tó dun ọkùnrin náà jù nìyẹn. Wọ́n ní kó kó ọ̀dà rẹ̀, kó máa lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́ àgbàlá tuntun tán, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ wọ yàrá wọn, wọ́n sì bo ògiri ní gíláàsì pẹ̀lú bàbá ẹlẹ́rìn-ín tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ojú-ò-purọ́ rí iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan létí títì ńlá, níbi tí wọ́n ti ń kọ àkọlé, ó sì ń sùn sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń gbá títì náà ni Ìyá Agbálẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà ibùdókọ̀ ni màmá ń sùn; bí òjò bá rọ̀, á dìde dúró títí òjò á fi dá. Ó máa ń kí ayàwòrán láàárọ̀, kò sì mẹ́nu kan nǹkan kan rí. Ìyẹn gan-an ń bí ọkùnrin náà nínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yà sí àgbàlá. Kò sẹ́ni tó lé e, nítorí gbogbo ayé ló láǹfààní láti wá wò ó; gbígbé ni kò gba gbogbo ayé. Ó dé ẹ̀bá géètì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ọ̀dà tó fi ìkánjú kùn sórí ọ̀dà funfun ò dì mú. Oòrùn ti sè é lábẹ́ gíláàsì. Ẹ̀rín náà ló kọ́kọ́ bó, ó sì bó pẹ̀lú funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Agbálẹ̀ ló dúró níbẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ìgbálẹ̀ léjìká, ojú tó dára jù lára ògiri náà.

"Ta ni màmá yìí?" ni àlejò kan ń bi ẹ̀ṣọ́.

"Àwọn àgbà ibí ní àwọn mọ̀ ọ́n," ni ẹ̀ṣọ́ fèsì. "Ọ́fíìsì ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dè é. Òun gan-an la ò mọ ibi tó wà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá gbálẹ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ikọ́ ń bá a jà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, aṣọ rẹ̀ ò sì tíì gbẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ayàwòrán," ni màmá wí. "Ṣé ẹ yà sí àgbàlá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Mo yà síbẹ̀."

"Kí lẹ rí?"

Ojú-ò-purọ́ ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀ kedere, ìgbálẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

"N ò rí nǹkan kan," ló wí.

Màmá ní ó dáa. Ó gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ tónítóní, ó sì kọjá sí iwájú ẹlòmíràn.